Àrokò Àwọn Agbowó-Orí

Kí ìwé kíkà tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba ńlá wa ti ń pàrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ènìyàn bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà yóò mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà mọ́ òun. Bí ó bá jẹ́ méjì ni, tí ó sì kọ wọ́n lẹ́yìn sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ìjà nìyẹn. Ẹni tí ó mọ àrokò kà kò ní í wá ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, onítọ̀hún lè pe ìfẹ́ ní ìjà, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹni tí kò lé e.

Àrokò kan wà tí ń wọ ilé àwọn àgbà wa ní Ìlú Ọba lọ́dọọdún, pàápàá kí oṣù April tó wọlé. Kì í ṣe owó ẹyọ ni ó wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe nọ́ḿbà àti lẹ́tà: 217L, tàbí BR, tàbí K142. Kóòdù owó orí ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gba pẹ́ńṣàn, tí wọ́n sì tún ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ni ó máa ń dà láàmú jù lọ, nítorí pé owó wọn kò ti ojú kan wá.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí kì í ṣe akọ̀wé owó orí. Peckham ni mò ń gbé, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èdè Yorùbá kò ti wọ́n ènìyàn létí lọ́jà. Àwọn àgbà àdúgbò a máa ké sí mi ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi pé kí n wá bá àwọn wo ìwé tí ìjọba kọ. Àbúrò ìyá mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ ké sí mi. Ọdún 1978 ni ó dé Ìlú Ọba. Ilé ìdáná ilé ìwòsàn kan ni ó sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó na ìka sí 217L nínú lẹ́tà náà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé L tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ẹni tí ń kọ́ ọkọ̀ wíwà nìyí? Láti ìgbà tí mo ti ń sanwó orí, wọ́n ṣì ń pè mí ní ẹni tí ń kọ́ṣẹ́?" A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i níwájú. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú àrokò náà ná.

Ọdún 1799 ni William Pitt, olórí ìjọba ìgbà náà, fi owó orí lé orí owó tí ń wọlé fún ènìyàn ní Ìlú Ọba, kí ó baà lè rówó bá àwọn ará Faransé jagun. Nígbà ogun Hitler, owó orí wá kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò kàn rí, kò sì rọrùn fún wọn láti máa wá owó ńlá san lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ní April 1944, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun pé kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó orí díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ san owó iṣẹ́. PAYE ni wọ́n ń pe ètò náà títí di òní, ó sì kan àwọn tí ń san pẹ́ńṣàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń san owó fún ènìyàn kò mọ gbogbo ọ̀nà mìíràn tí owó ń gbà wọlé fún un, kò sì yẹ kí ó mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn agbowó-orí fi ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí i. Wọn kò tú àṣírí ẹnikẹ́ni fún un. Iye tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nìkan ni wọ́n ń sọ. Ẹ kò wa rí i pé àrokò gan-an ni!

Iye tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Òfin sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iye owó kan láàárín ọdún tí a kò ní í gba owó orí lé lórí. Láti April 2021 ni iye náà ti jẹ́ £12,570. Bí a bá pa òǹkà tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́, ó ku 1257. Bí a bá fi L tì í, ó di 1257L. L yìí kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ wíwà. Ohun tí ó ń wí ni pé ẹni náà ní ẹ̀tọ́ sí iye tí òfin yọ̀ǹda fún tọmọdé tàgbà. Bí owó ọdún kan, láti April 6 sí April 5 ọdún kejì, bá ju £12,570 lọ, èyí tí ó lé ni a ń san owó orí lé. Ní England àti Wales, 20 nínú 100 ni a ń mú níbẹ̀, títí owó náà yóò fi ga kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà máa ń rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́ pọ̀ nìyí. Pẹ́ńṣàn tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń san wà lára owó tí a ń san owó orí lé lórí, ṣùgbọ́n ìjọba kì í yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó san án. Odindi ni ó ń wọlé. Báwo ni wọ́n yóò ti ṣe gba owó orí tirẹ̀? Wọ́n yóò wo ibòmíràn tí owó ti ń wọlé fún ẹni náà, bíi pẹ́ńṣàn ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n yóò sì ti gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n yóò yọ iye pẹ́ńṣàn ìjọba kúrò nínú £12,570. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù ni yóò di kóòdù fún pẹ́ńṣàn ibi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ti àbúrò ìyá mi ṣe àpẹẹrẹ. Láti April 2025 sí April 2026, £200 ni ìjọba ń san fún un lọ́sẹ̀; bí a bá sọ ọ́ di ọ̀nà 52, ó jẹ́ £10,400. Yọ ọ́ kúrò nínú £12,570, ó ku £2,170: 217L rèé. Pẹ́ńṣàn ilé ìwòsàn rẹ̀ jẹ́ £6,000 lọ́dún, èyí tí í ṣe £500 lóṣù. Nínú £6,000 yìí, £2,170 péré ni kò ṣeé fọwọ́ kàn. A ó gba 20 nínú 100 lórí £3,830 tí ó kù. Ó di £766 lọ́dún, nǹkan bíi £64 lóṣù. Ohun tí ojú ìyá yìí rí ni pé nínú £500 tí òun fi ọjọ́ orí òun ṣiṣẹ́ kó jọ, ẹnìkan ń mú £64 lóṣooṣù. Ó ní, "Èyí tó tóbi ni wọn ò fọwọ́ kàn, èyí tó kéré ni wọ́n ń gé. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn?"

Mo bá a ṣírò rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Mo ní kí á da owó méjèèjì sínú igbá kan: £10,400 àti £6,000 jẹ́ £16,400. Kí á bu £12,570 tí ó jẹ́ tirẹ̀ láìsí àríyànjiyàn kúrò: ó ku £3,830. Kí á mú 20 nínú 100 rẹ̀: £766. Iye kan náà ni! Kò sí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ. Pẹ́ńṣàn kékeré ń san owó orí ti ara rẹ̀, ó sì ń san ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ agbowó-orí ti lè wọlé. Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó dùn mí, àmọ́ ó yé mi." Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ohun tí ó yé ènìyàn lè máa dùn ún síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dẹ́rù bà á mọ́.

Àwọn àmì yòókù kò le bí a bá ti mọ ti L. Bí BR bá wà lórí pẹ́ńṣàn kan, gbogbo rẹ̀ ni a ó gba 20 nínú 100 lé lórí láti orí pọ́ùn àkọ́kọ́, nítorí pé a gbà pé £12,570 ẹni náà ti tán níbòmíràn. Ẹni tí ó bá ní pẹ́ńṣàn méjì tàbí mẹ́ta sábà máa ń rí i lórí èyí ẹ̀kejì. NT ń wí pé kí a má gba nǹkan kan rárá. M ń wí pé ọkọ tàbí aya ẹni ti fi £1,260 ta ẹni lọ́rẹ nínú iye tí òfin yọ̀ǹda fún un. N sì ni ti ẹni tí ó fi ta ni lọ́rẹ. S ni ti àwọn ará Scotland, C ni ti àwọn ará Wales. Bí ẹ bá sì rí M1 tàbí X ní ìdí kóòdù, ẹ mọ̀ pé oṣù kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò, wọn kò ka èyí tí ó ti kọjá sí. Èyí a máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu owó ńlá nínú pẹ́ńṣàn tí ó kó jọ fúnra rẹ̀. Owó orí rẹ̀ lè pọ̀ jù lóṣù náà, ó sì lè béèrè pé kí wọ́n dá èlé rẹ̀ padà.

K ni ó máa ń já àwọn àgbà láyà jù. Ní tirẹ̀, lẹ́tà ni ó ṣáájú, nọ́ḿbà ni ó tẹ̀ lé e. Ó ń wí pé ohun tí a fẹ́ yọ kúrò ti ju £12,570 fúnra rẹ̀ lọ. Ká ní ẹnìkan kò tètè gba pẹ́ńṣàn ìjọba rẹ̀ nígbà tí ó tó gbà á, tí ó fi di £14,000 lọ́dún. Ó fi £1,430 lé. Kóòdù rẹ̀ yóò jẹ́ K142. Wọ́n yóò wá ka iye tí ó lé yìí mọ́ pẹ́ńṣàn ibi iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ó ti gbà á, kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Ṣùgbọ́n òfin fi ààlà sí i: owó orí tí a yọ nítorí K kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì owó tí a fẹ́ san fún un lọ.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó mú mi kọ ìwé yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni eékún ti ń da àbúrò ìyá mi láàmú, débi pé kò lè dá wẹ̀, kò sì lè dá wọ ìbọ̀sẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé owó ìrànwọ́ kan wà tí à ń pè ní Attendance Allowance, fún àwọn àgbà tí wọ́n ti tó gba pẹ́ńṣàn ìjọba, tí wọ́n sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀. Tí mo bá tún gba òmíràn, kóòdù yẹn á tún gé pẹ́ńṣàn mi, ẹ̀yìn náà ni wọ́n á wá pè mí ní ajẹgbèsè." Ọdún méjì ni ó fi kọ̀ ọ́, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń jí wá wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kí ó tó sáré lọ sí ibi iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Attendance Allowance kò sí lára owó tí a ń san owó orí lé lórí rárá. Kò kan kóòdù. Wọn kì í tilẹ̀ béèrè iye tí ó wà nínú àpò ẹni kí wọ́n tó san án. Orúkọ kan ṣoṣo ni òyìnbó fún gbogbo owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n agbo méjì ni wọ́n. Àwọn kan ń san owó orí: pẹ́ńṣàn ìjọba wà níbẹ̀, Carer's Allowance wà níbẹ̀, Jobseeker's Allowance wà níbẹ̀. Àwọn kan kò san án: Attendance Allowance, Personal Independence Payment, Pension Credit, Housing Benefit àti Universal Credit wà ní agbo yìí. Ẹni tí kò bá mọ ààlà tí ó wà láàárín agbo méjèèjì yóò rò pé ẹran kan náà ni wọ́n.

Ní 2025 ni ó tó gbà kí á kọ̀wé béèrè. Wọ́n fún un ní iye tí ó kéré nínú méjì tí ó wà, £73.90 lọ́sẹ̀. Kóòdù rẹ̀ kò yí padà. 217L ni ó wà, 217L ni ó dúró sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ènìyàn bá béèrè fún owó yìí ni ó ń bẹ̀rẹ̀, a kì í san ti ẹ̀yìn. Ohun tí ó bọ́ láàárín ọdún méjì yẹn lé ní £7,000. Kò sí olè tí ó jà á, kò sí agbowó-orí tí ó gbà á. Ẹ̀rù ni ó gbé e lọ.

Nígbà tí ìyá ti gba tirẹ̀, ọmọ náà lè béèrè fún Carer's Allowance, nítorí pé wákàtí 35 ó lé ni ó fi ń tọ́jú ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀, £180 tí ó sì ń gbà níbi iṣẹ́ kò kọjá £196 tí òfin fi ṣe ààlà nígbà náà. Láti April 2025 sí April 2026, £83.30 ni wọ́n ń fún un lọ́sẹ̀, èyí tí í ṣe £4,331 ó lé díẹ̀ lọ́dún. Agbo kejì ni èyí wà. Kóòdù rẹ̀ já láti 1257L sí 823L, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀ jà. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀, owó orí tí yóò san lọ́dún kò ju £224 lọ. Ta ni yóò torí £224 kọ £4,331? Ẹ wò ó, nínú ilé kan náà, nítorí eékún kan náà, owó ìyá kò san owó orí, owó ọmọ ń san án.

Mo ti rò ó títí, ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba àwọn àgbà wa tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an wà lára rẹ̀. Owó orí ni à ń pè é, nítorí pé orí ènìyàn ni a ń kà gbà á láyé àtijọ́, ì báà ní, ì báà má ní. Abẹ́òkúta ni ìyá ìyá mi ti wá; ní ọdún 1947 ni àwọn obìnrin ibẹ̀ dìde lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lórí owó orí tí a bù fún wọn, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi gbésẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan ní 1949. Ọmọ tí ó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kò lè rí lẹ́tà agbowó-orí kí àyà rẹ̀ má já. Ní Nàìjíríà sì nìyí, òfin pẹ́ńṣàn ti ọdún 2014 kò jẹ́ kí á gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì. Ó wá ṣòro fún wọn láti gbà pé ẹni tí ó ti sanwó orí nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ yóò tún san án nígbà tí ó jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ní Ìlú Ọba, a kì í ka orí. Ohun tí ó wọlé ni a ń kà, a sì ń fi èyí tí òfin yọ̀ǹda sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyókù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ní í dẹ̀ bọ̀rọ̀. £12,570 kò tíì yẹ̀ láti 2021, ìjọba sì ti wí pé kò ní í yẹ̀ títí di April 2031. Ṣùgbọ́n pẹ́ńṣàn ìjọba ń lọ sókè lọ́dọọdún. Ní April 2021, odindi pẹ́ńṣàn tuntun jẹ́ £179.60 lọ́sẹ̀, ẹni tí ń gbà á ṣì ní nǹkan bíi £3,230 láti fi bo pẹ́ńṣàn mìíràn lọ́wọ́ owó orí. Ní April 2026, ó di £241.30 lọ́sẹ̀, £12,547 ó lé díẹ̀ lọ́dún. Ohun tí ó kù kò ju £22 lọ. Ìyẹn ni pé bí ọwọ́ kan ti ń fi kún un ni ọwọ́ kejì ń gbà lára rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde pé òun fi owó orí kún owó orí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ní òbí tàbí ẹ̀gbọ́n ní Ìlú Ọba, tàbí bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń gbèrò àtilọ, ẹ mú ohun mẹ́ta dání. Èkíní, ẹ má ṣe wo kóòdù nìkan. Ẹ wo ìṣirò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà náà. Ẹ fi 52 sọ pẹ́ńṣàn ọ̀sẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wò ó bóyá iye náà ni wọ́n kọ. Èkejì, ẹ béèrè agbo tí owó ìrànwọ́ kọ̀ọ̀kan wà kí ẹ tó gbà á tàbí kí ẹ tó kọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, bí àṣìṣe bá wà, ẹ má ṣe dákẹ́. Bí wọ́n bá gbà jù, ọdún mẹ́rin ni òfin fi sílẹ̀ láti fi béèrè rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá sì gbà dín, wọn yóò padà wá béèrè, ìgbà náà ni yóò sì wọni lára. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ní ti ẹgbẹ́ wa yìí, iṣẹ́ wà fún wa níbẹ̀. A ti ń jiyàn láti ọjọ́ pípẹ́ lórí bí a ó ti sọ orúkọ àwọn ohun ìgbàlódé ní Yorùbá, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà tí ó wà lórí tábìlì àwọn ìyá wa. Bí a bá lè sọ fún arúgbó kan ní èdè tí ó fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ pé, "Mọ̀mí, eléyìí ń san owó orí, tọ̀hún kò san án," a ti ṣe ohun tí yóò wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì bá a sanwó iná nígbà òtútù.